Ó Ní Ìtọ́jú Náà Tẹ́ Òun Lọ́rùn

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá ọmọ mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Yábàá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun tó ṣì ń dán wá bá wa létí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù fífẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ló rán òun pé kí òun béèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn bóyá ìtọ́jú tí wọ́n rí gbà tẹ́ wọn lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọmọ mi kò kúrò níbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi wo nọ́ọ̀sì, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mà. Ẹ ṣé gan-an.” Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi ìka tẹ fóònù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ìdáhùn yẹn ti wà nínú fóònù wọn. Ẹnì kan á ti kà á mọ́ àwọn tí inú wọn dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfi kún un, láìyọ níbẹ̀.

Ọmọ mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ìpọ̀nrí ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì ń mu ọmú. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì tó ń ti Jíbówú lọ sí Òkè Ọya, ó sì máa ń pẹ́ kó tó padà. Èmi ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fún àwọn aránṣọ ní Mushin. Nígbà tí oyún kẹrin dé, tọkọtìyàwó jọ jókòó, wọ́n ní àwọn ò lè gbé e. Mi ò sí níbẹ̀, wọn ò sì bi mí. Ọmọ mi lo oògùn. Mò ń kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé torí wọ́n parọ́ mọ́ ọn ni inú ṣe ń bí mi. Wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ní ó ṣe ló ṣe. Ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú.

Nígbà tó pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ti ìsọ̀ pa, mo gba ilé rẹ̀ lọ, mo bá a níbi tó ká ara jọ sí nínú balùwẹ̀. Aṣọ tó fi dì í ti rin, ìró tí èmi náà bọ́ fún un rin kí kẹ̀kẹ́ tó gbé wa dé Yábàá.

Nọ́ọ̀sì kan ló jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn sì kún orí bẹ́ńṣì níwájú rẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára ọmọ mi. Ó bi mí bóyá oyún ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí ọmọ mi, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ta ló ṣẹ́ ẹ fún ẹ?”

Ọmọ mi ní fúnra rẹ̀ ló wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ òun, pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi sọ òótọ́. Ó ní ká lọ jókòó. A jókòó. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì sún kúrò lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kan gbé àpò rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nọ́ọ̀sì náà dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ó ti yọ́nú. Ọ̀rá ló mú lọ́wọ́. Ó ní kí ọmọ mi tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdí, kí àga má bàa bàjẹ́.

Orí ọ̀rá yẹn ni ọmọ mi ti jẹ́wọ́ fún un, níwájú gbogbo wọn, pé òun ló lo oògùn. Nọ́ọ̀sì ní, “Ṣé o rí i? Ó le ni?” Ó wá nahùn sí ẹnì kejì rẹ̀ nínú pé kó wá gbé oníṣẹ́yún wọlé. Látìgbà yẹn, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní oògùn, wọ́n á ní oníṣẹ́yún dà. Bí oúnjẹ bá dé, oníṣẹ́yún dà.

A rò pé ó ti bùṣe. Wọ́n tún ní ó di dandan kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Mo pè é, pè é, kò wọlé, ojú ọ̀nà ló wà. Mo ní èmi ìyá rẹ̀ wà níbí, èmi á fọwọ́ sí i.

“Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́ lẹ fún un lóyún,” ni nọ́ọ̀sì yẹn wí.

“Òun náà kọ́ lẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀,” ni mo sọ.

Ó ní ṣé ẹnu ni mo bá wá. Mo ní ọmọ ni mo gbé wá. Ariwo yẹn ni dókítà gbọ́ tó fi jáde, ó wo ojú ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n gbé e wọ yàrá ìtọ́jú kíá.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ohun tó kù nínú ilé ọmọ rẹ̀ jáde, kí n dúró síta. Ilẹ̀kùn náà ò pa dé dáadáa. Mo gbọ́ tí ọmọ mi ké, irú igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń rọbí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan béèrè bóyá kí àwọn fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Nọ́ọ̀sì yẹn ní rárá, pé bí kò bá dùn ún dáadáa, á tún padà wá. Lẹ́yìn náà ló wá bá ọmọ mi fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Nígbà tó ń dùn mọ́ ẹ, ṣé o ké báyìí?” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Mo ti fi ọwọ́ mú ilẹ̀kùn. Mi ò ṣí i. Ọwọ́ wọn ni ọmọ mi wà.

Wọ́n wá tẹ́ ẹ sáàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ti ń ké, wàrà á máa jáde lọ́mú tirẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ kékeré tó wà nílé. Ó fi ìborí rẹ̀ bo àyà, ó kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá bi í léèrè bóyá nǹkan tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, bí tíṣà bá nà wá tán, a ó kúnlẹ̀, a ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ẹni tí kò bá dúpẹ́, wọ́n á fi ẹgba kún ti tẹ́lẹ̀. Nílé kéú bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi náà kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Irú àwa báyìí ni wọ́n wá ń fi fóònù bi léèrè. Kí a tó kúrò ní Yábàá, ọmọ mi tún rán mi pé kí n ra búrẹ́dì àti mínírà fún àwọn nọ́ọ̀sì, ká fi dúpẹ́. Mo rà á. Nọ́ọ̀sì yẹn fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì gbàdúrà pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

A délé, ibà dé. Ọmọ mi ní ẹ̀fọn ni. Mo fi ọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó gbóná ju ti ẹ̀fọn lọ. Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, òórùn tó jáde lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe òórùn ẹ̀jẹ̀ nìkan. Mo ní ó yá, ká padà sí Yábàá.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n kú síbí.”

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń sọ pé òun ò jẹun. Ọkọ rẹ̀ ti dé láti ọ̀nà nígbà yẹn. Ó kúnlẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pè é ní ìyá àwọn ọmọ òun, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi yí ojú sógiri. Mo bi í pé ṣebí òun ló ní ìtọ́jú wọn tẹ́ òun lọ́rùn.

“Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Nọ́ọ̀sì yẹn dúró síbẹ̀ o, Màámi. Bí mo bá sọ òótọ́, tí wọ́n bá tún gbé mi padà sọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?”

Aránṣọ kan wà tó máa ń ra síìpù lọ́wọ́ mi. Ó ti sọ fún mi rí, nígbà tí oyún bàjẹ́ mọ́ òun náà lára, pé ibì kékeré kan wà ní Sùúrùlérè tí wọn kì í ti í da ìbéèrè bo èèyàn. Mo pè é, ó júwe ibẹ̀. Ọmọ mi ò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yá, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wò ó, kí n wá sọ bó ṣe rí fún òun, kí n má bo nǹkan kan.

Mo lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti dàgbà díẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, oògùn tí ọmọ mi lò àti gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Mo bi í pé ṣé wọ́n máa bi ọmọ mi léèrè lójú èèyàn. Ó ní rárá. Mo ní ṣé wọ́n máa dúró de ọkọ rẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní ṣé wọ́n máa fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, ṣé wọ́n á sì dúró kó ṣiṣẹ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò bínú sí mi.

“Ẹ gbé e wá, mà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”

Mo padà sí Ìpọ̀nrí, mo jábọ̀ fún ọmọ mi. Mo sọ ibi tí àga wà. Mo sọ pé kọ́tìnnì bo ojú yàrá náà dé ilẹ̀, pé mo ti fà á wò. Mo sọ bí ohùn nọ́ọ̀sì ṣe rí. Ó gbọ́ tán, ó ní kí ọkọ òun gbé òun dìde.

Dókítà ibẹ̀ ní èyí tó kù nínú ilé ọmọ ló ti ń rà. Wọn ò kó o tán. Àwọn tó ráyè kọ́ ọmọ mi lọ́gbọ́n ní Yábàá ò ráyè kó o tán. Ní Sùúrùlérè, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n sì dúró kó ṣiṣẹ́. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń retí igbe. Igbe ò wá. Ohun tí mo gbọ́ ni nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀, kó mí sókè, kó mí sísàlẹ̀. Inú tó bí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ju ti Yábàá lọ, nítorí ní Yábàá, mo ti fẹ́ máa sọ fún ara mi pé bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé bóyá kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é kó má dun èèyàn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Abẹ́rẹ́ kan báyìí ni. Wọ́n ní in ní Yábàá, wọn ò fún un.

Ibà náà lọ. Dókítà ní kó padà wá fún àyẹ̀wò, mo sì ti ń ro bí n ó ṣe bẹ ọmọ mi pé kó lọ, ọ̀rọ̀ tí n ó kọ́kọ́ sọ àti èyí tó máa tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dé Ìpọ̀nrí, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo kan ilẹ̀kùn, kò sí ìdáhùn. Mo pè é lórí fóònù.

Ó gbé e. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo sì ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ kékeré ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti wà ní Sùúrùlérè, pé ó ku ẹnì kan kó kan òun.

“Ṣé kí n máa bọ̀?” ni mo bi í.

“Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Màámi. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀.”