Ìpín Neziha ní Ojú Ọ̀nà Gremda

Inú ilé tí Neziha Ghorbel yá wọn lówó láti fi kọ́ ni àwọn ará ìlú Sfax ní Tùnísíà máa ń jókòó sí láti bú u pé iná ló ń jẹ. Wọn yóò gbé ife tíì lé orúnkún, wọn yóò na ẹsẹ̀ sórí táìlì tuntun, wọn yóò sì mí kanlẹ̀: "Ọmọ gidi ni, ṣùgbọ́n owó èlé yẹn! Kí Ọlọ́run kó o yọ." Mo ti jókòó láàárín wọn rí. Mo máa ń bi wọ́n léèrè ẹni tó san owó táìlì náà. Wọ́n á ní kí n mu tíì mi kó má baà tutù.

Nígbà tí Neziha wọ iṣẹ́ báńkì, ibi tí wọ́n ń fi obìnrin sí ni ìdí káńtà, kí ó máa ka owó, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yá ènìyàn lówó ilé ni òun fẹ́. Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀ka yẹn gba kí ènìyàn máa lọ wo ilẹ̀. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀."

"Ọ̀gá, mo ní bàtà."

Ní tòótọ́, kò ní. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ ra bàtà rọ́bà, ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni bàtà náà sì wà títí ó fi fẹ̀yìntì. Kò sí ilé tí ó yá ẹnikẹ́ni lówó kọ́ tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan ògiri, yóò tẹ́tí sí i bí dókítà ti ń tẹ́tí sí àyà aláìsàn. Yóò bi àwọn aládùúgbò bóyá omi máa ń rú níbẹ̀ lákòókò òjò. Bí kò bá ní í yá ọ, yóò jókòó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìwọ yóò sì bínú lọ sílé pẹ̀lú ọgbọ́n tí o kò mú wá. Ó lé dókítà ọlọ́rọ̀ kan padà nítorí pé kànga tó wà nínú àwòrán ilé rẹ̀, inú ọgbà ẹlòmíràn ló wà. Ó sì yá opó kan tó ń ránṣọ ní Ọ̀nà Aïn, ẹni tí àwọn ọkùnrin tó ṣáájú Neziha ti kọ̀ láìka ìwé rẹ̀. Neziha lọ sí ṣọ́ọ̀bù opó náà, ó rí i pé irin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ti fẹ́lẹ́ bí owó ẹyọ àtijọ́. Ó ní ìwé ẹ̀rí wo ló tún kù. Lọ́jọ́ tí opó náà gba ilé, ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń ṣí i, ó ń ti ilẹ̀kùn, ó ń ṣí i, kò tíì wọlé. Neziha sọ fún mi pé ìró yẹn dùn létí òun ju owó oṣù lọ. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo ti mọ àwọn tó fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bú, tí wọn kò sì gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń bú u. Àlàájì Sadok ń ta òróró ólífì, ó sì ní àmì ìforíkanlẹ̀ níwájú orí tó hàn láti òdìkejì títì. Kì í jẹun nílé àbúrò rẹ̀. Bí ọdún bá dé, tí gbogbo ẹbí yí kúskúsù ẹlẹ́ja ká, òun á fà sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bù díẹ̀."

"Inú ń run mí."

"Láti ọdún tó kọjá?"

Àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín, Àlàájì á sì máa wo òkè àjà bí ẹni tó rí málékà.

Báyìí ni ó wà títí ọ̀rọ̀ Anis fi dé. Anis ni ọmọkùnrin Àlàájì. Ó ń ya fọ́tò egungun ní ilé ìwòsàn, ìdí tábìlì Neziha ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé láti kékeré, nítorí pé nílé bàbá rẹ̀, ariwo àgbá òróró kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò. Ó ti fi òrùka sọ́wọ́ Ons, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Laroussi. Laroussi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní: "Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí yóò lọ fi í pamọ́ sínú yàrá ìyá rẹ̀. Kí Anis fi ìpìlẹ̀ ilé hàn mí kó tó di ìkórè ólífì. Bí kò bá rí i fi hàn, kí ó gba òrùka rẹ̀ padà."

Ni Àlàájì Sadok bá dé ilé Neziha. Ó jókòó sí etí àga, bí ẹni tí àga náà lè ràn.

"Neziha, o mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ yẹn."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Èlé ni."

"Èlé ni lóòótọ́."

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ lèyí. Wọ́n ní tó bá ti di ọ̀ranyàn, Ọlọ́run á fojú fò ó."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti bèèrè."

"Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi, kí n lè máa rán àwọn oníbàárà mi lọ."

Ó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ó ní òun fẹ́ kí báńkì yá Anis lówó, òun yóò sì fi ilẹ̀ òun ní Ọ̀nà Gremda, ní kìlómítà keje, dógò.

"Ilẹ̀ ta ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ilẹ̀ mi. Ọgbà álímọ́ńdì yẹn."

Neziha kò jiyàn. Ó ní kí ó mú ìwé búlúù tó ń fi ẹni tó ni ilẹ̀ náà hàn lọ bá Kamel, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwọn jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, nítorí báńkì kò gbà kí ènìyàn tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀.

"Ṣé kí àjèjì máa wá wo ìdí àpò wa ni?"

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí àpò náà bá jẹ́ tiyín."

Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí bàbá bá kú, a kì í pín ilẹ̀. Orúkọ òkú ni yóò wà lórí ìwé, ọmọkùnrin ni yóò máa kórè, ọmọbìnrin ni yóò máa gba agolo òróró kan lọ́dún, tí yóò sì máa dúpẹ́. Obìnrin tó bá bèèrè ìpín rẹ̀, wọ́n á ní ó ń sáré sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè. Àwọn ìyá wa ń pè é ní ìtìjú. Àwọn bàbá wa ń pè é ní àṣà. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, mo mọ orúkọ tó yẹ ẹ́: olè jíjà ni, tí a wọ aṣọ ìrun fún.

Kamel ṣí ìwé náà níwájú Àlàájì àti Anis. Orúkọ Tahar Ghorbel, bàbá wọn tó ti kú tipẹ́, ló wà lórí rẹ̀.

"Àlàájì, àwọn wo ni ajogún bàbá yín?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan lọ́kùnrin tó bí."

"Ajogún ni mo bèèrè, Àlàájì, mi ò bèèrè ọkùnrin."

Àlàájì húkọ́. "Ọmọbìnrin kan wà. Kì í dá sí i."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Àlàájì wo ògiri, ó wo aago, ó wo gíláàsì tó pín ọ́fíìsì náà sí méjì, àbúrò rẹ̀ jókòó lódìkejì rẹ̀, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

"Neziha."

"Neziha wo?"

"Neziha yín yìí náà ni."

Wọ́n pè é wọlé. Kí ó tó jókòó, Àlàájì ti na ìka sí ìwé: "Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi, pé ó ti yọ̀ǹda."

"Ọdún wo ni mo yọ̀ǹda, Ẹ̀gbọ́n?"

"O ò bèèrè rí!"

"Ẹ̀yin náà ò fún mi rí."

"Òróró tí mò ń gbé wá lọ́dọọdún ńkọ́?"

"Ẹ kú ìnáwó. Ọdọọdún ni mo sì ń dúpẹ́. A ò jẹ ara wa ní gbèsè."

"Níwájú ọmọ ọlọ́mọ, Neziha! Ojú kì í tì ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ Kùránì tó sọ̀rọ̀ nípa èlé, ẹ ti kà á sí mi létí títí mo fi mọ ibi tí ẹ ti máa ń mí. Èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ogún ńkọ́? Ó ní kí ọkùnrin mú ìpín obìnrin méjì. Ẹ mú méjì yín. Ẹyọ kan tí Ọlọ́run fún mi ni mò ń bèèrè, ẹ má fi ti Ọlọ́run kún ti yín."

Kamel tẹ orí sórí ìwé, ó ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Àlàájì gbé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹbí ti kún pálọ̀ Neziha. Wọ́n ní obìnrin gidi kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé iwájú ìwé. Wọ́n ní òun ni yóò tú ìgbéyàwó Anis ká. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn ún wọ egungun, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀: bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí dógò, bí kò bá sí dógò, kò sí ilé, Laroussi yóò sì gba ọmọ rẹ̀ padà.

Anis wá lọ́jọ́ kejì. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, mi ò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ̀ǹda o. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ni."

Neziha sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, nínú gbogbo ẹbí, ẹnikẹ́ni kò bi òun ní ìbéèrè yẹn rí. Ó wọ bàtà rọ́bà, àwọn méjèèjì sì lọ sí kìlómítà keje. Ó rìn láàárín àwọn igi álímọ́ńdì bí ó ti ń rìn lórí ilẹ̀ oníbàárà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Mo máa ta ìpín mi fún ọ."

"Tà á? Àǹtí, mi ò lówó."

"Ṣé o rò pé àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń lówó ni? Iṣẹ́ mi nìyẹn kí wọ́n tó bí ọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan tí kò mọ ẹbí Ghorbel rí ló díye lé ilẹ̀ náà. Báńkì yóò yá Anis ní owó tí yóò fi ra ìpín àǹtí rẹ̀, àti èyí tí yóò fi kọ́lé. Neziha kò yọ dínárì kan kúrò, kò sì fi kan kún un. Gbogbo ìlú ní ìkà ni. Wọ́n ní ṣebí ẹ̀bùn ni àǹtí ń fún ọmọ. Mo bá wọn jiyàn, mo sì tún ń bá wọn jiyàn: ohun tí ènìyàn ti kà sí tirẹ̀, bí o bá fi ta á lọ́rẹ, kò ní í kí ọ, á ní o dá nǹkan òun padà. Ẹni tó bá rà á nìkan ni yóò mọ̀ pé ó ti jẹ́ tìrẹ rí.

Ohun tó kù ni pé kí Àlàájì ṣe onídùúró fún ọmọ rẹ̀, nítorí owó oṣù Anis nìkan kò tó. Ó ní láéláé. Ó ní kí òun fọwọ́ sí owó èlé láti fi ra ilẹ̀ bàbá òun? Ṣùgbọ́n àwọn ólífì ti ń dúdú lórí igi. Laroussi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní: "Àlàájì, ìgbà wo ni kí n dá òrùka yín padà?" Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì Sadok wà níwájú Kamel, ó ń fọwọ́ síwèé bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Ons náà wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí ẹ̀gbẹ́ ti Anis, nítorí òun gbọ́ pé wọ́n máa ń gbàgbé orúkọ obìnrin nílùú yìí. Laroussi tẹ ìpìlẹ̀ ilé náà kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó ní ó dára.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìdí tábìlì Neziha. Wọn kò wá yáwó. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wo ẹ̀yìn, wọ́n á bèèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá orúkọ bàbá òun ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀. Neziha á sọ ọ́fíìsì tí wọn yóò lọ, àti ohun tí wọn yóò bèèrè níbẹ̀. Ó ní èyí ni iṣẹ́ tó dára jù lọ tí òun ṣe ní báńkì, kò sì pa èrè kan fún báńkì.

Ní ti Àlàájì Sadok, owó ilé ọmọ rẹ̀ máa ń fẹ́ àfikún ní ìparí oṣù, òun ló sì ń gbé e wá sí báńkì. Ó ń tò sórí ìlà bíi gbogbo ènìyàn. Bí ojúlùmọ̀ bá bi í pé kí ló ń ṣe ní ilé èlé, á ní owó iná mànàmáná ni òun wá san. Mo ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà yẹn rí. Mo kàn ní kí ó bá mi kí àwọn oníná.