Ọjọ́ Tí Mo Ro Ẹjọ́ Ara Mi ní Ìsẹ́yìn

Mo rántí ìgbà tí n kò lè wọn àyà ọkùnrin kan fún bùbá láìkọ́kọ́ wo òdìkejì títì. Aránṣọ ni mí ní Òtù. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ti tú èmi àti ọkọ mi ká nígbà náà, àfi bí ẹni pé èmi nìkan ni wọ́n sọ fún. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á gbé alùpùpù rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó lé e. Ọkùnrin tó bá wọlé, á dúró dè é níta, á bi í pé kí ló wá ṣe. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Òun kò rù rárá, ọjà mi ló ń rù.

Nígbà tó fa aṣọ ya mọ́ tíṣà kan lára lójú mi, mo gba kọ́ọ̀tù Ìsẹ́yìn lọ, kí adájọ́ lè pàṣẹ fún un kó má sún mọ́ mi mọ́. Apá mi ò ká lọ́yà. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní mo lè ro ẹjọ́ mi fúnra mi, inú mi sì dùn, torí mo gbà pé kò sí lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bíi tèmi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ń rojọ́ fún títí ọjọ́ fi pé, èmi náà ni mo sì ń dá ara mi láre.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi àtijọ́ mú lọ́yà wá, ó tún mú ìyàwó tuntun wá. Ẹnìkan ò sọ fún mi pé ó ti gbéyàwó. Obìnrin náà pupa, ó kéré sí mi, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ nu òógùn iwájú orí ọkùnrin yẹn. Èmi tí mo wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lé e jìnnà sí mi, ojú mi ò kúrò lára wọn. Mo rí i pé apá bùbá obìnrin náà kan gùn ju èkejì lọ, ara sì tù mí díẹ̀. Adájọ́, ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú, ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀, n kò gbọ́.

“Màdáámù, èmi ni kí ẹ máa wò,” ló wí.

Mo ro ẹjọ́ mi wúruwùru. Lọ́yà dìde, ó ti rí ibi tí ojú mi wà. Ó bèèrè bóyá ọkọ mi nà mí rí. Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé kì í ṣe pé owú ló ń jẹ yín?”

Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ sórí poora. Bí mo bá parọ́, ojú mi á tú mi fó. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

“Olúwa mi, owú ń jẹ mí,” ni mo wí fún adájọ́. “Àmọ́ n kò ní lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin yìí. N kò ní fa aṣọ ya mọ́ ẹnikẹ́ni lára. Inú ara mi ni n ó ti jẹ owú tèmi. Kí òun náà lọ jẹ tiẹ̀ nílé.”

Adájọ́ bi ọkọ mi bóyá òótọ́ ló ya aṣọ tíṣà. Ó ní òótọ́ ni, ìfẹ́ tó ní sí mi ló fà á. Ìyàwó tuntun dorí kodò. Adájọ́ pàṣẹ pé ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi tàbí ilé mi, kò sì gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Bó bá tàpá sí i, ẹ̀wọ̀n ni.

Ó pa àṣẹ náà mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù kọjá láìwo ọ̀dọ̀ mi, mo sunkún, mo sì bú ara mi, torí ohun tí mo tọrọ náà nìyẹn.

Títí dòní, àwọn obìnrin ń bi mí bóyá ojú ò tì mí láti jẹ́wọ́ owú níwájú adájọ́. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ṣe ni kọ́ọ̀tù ń dá lẹ́jọ́, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn. Owú tèmi pẹ́ kó tó lọ, n kò sì mọ ọjọ́ tó kúrò. Mo kàn pàdé ọkọ mi àtijọ́ àti ìyàwó rẹ̀ lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn àti ọmọ wọn, mo sì rí i pé ọmọ náà ni mò ń wò, pé ó rẹwà.