Bí Mo Ṣe Wọ Síkéètì Kúnlẹ̀ Kí Bàbá Rore

Ẹ wá jókòó, ẹ jẹ́ kí n rò fún yín bí bàtà ẹsẹ̀ mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè.

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi ń wo àwọn tó ń fi síkéètì jó lórí yìnyín nínú fóònù rẹ̀. Mo ní èmi náà ti ṣe é rí. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹ̀yin ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Tíṣà ni bàbá mi. Ìjọ wa ló rán wọn lọ kàwé sí i ní ìlú òyìnbó, wọ́n sì mú èmi àti Màmá dání. Nítòsí ilé wa níbẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá kan wà tó jẹ́ yìnyín ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní síkéètì, ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, bí ojú ọ̀bẹ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìdí mi mọ yìnyín ju ẹsẹ̀ mi lọ. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi gbà.

Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé adùn rẹ̀ fún yín? Ẹ óò kàn ti ara yín díẹ̀ báyìí, ilẹ̀ á sì máa gbé yín lọ. Ẹ kò rìn, ẹ kò sáré, ẹ ṣáà ń lọ. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, tí ẹ na ọwọ́ méjèèjì, ọkàn yín á pa rọ́rọ́, torí ẹni tó bá ń ro nǹkan mìíràn níbẹ̀ á ṣubú ni. Kò síbi tí inú mi ti ń dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ tí a fi padà sílé. Bàbá ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa l'Ómù-Àrán. Bàtà mi bá mi délé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ní ẹran wo ni mo fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ dú. Yìnyín dà l'Ómù-Àrán? Èyí tí a mọ̀ ò ju èyí tó ń bá òjò bọ́, kí o tó ṣà á tán ó ti yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bàbá bá gbé bàtà náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan. Wẹ́dà yọ irin abẹ́ rẹ̀, ó jó kẹ̀kẹ́ onírin kéékèèké mọ́ ọn. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní sìmẹ́ńtì tó dán. Tí ìwé bá ti parí lọ́sàn-án, èmi ni mo nilẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á ní kí n yí bí òkòtó, èmi náà á sì yí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi ẹ̀yìn yọ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo yíjú padà, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Bàbá Rore! Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn o, olórí ẹbí wa. Rore ni wọ́n ti ń dáko, wọ́n wá kí wa ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Ìgbómìnà wo ló máa rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí kò ní kúnlẹ̀? Kí n tó ronú, orúnkún mi ti tẹ̀. Orúnkún tẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò dúró. Mo ń wí pé "Ẹ káàbọ̀, sà", mo sì ń kọjá lọ níwájú wọn. Mo gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, orí iṣu tí ìyàwó ọlọ́dẹ ilé-ẹ̀kọ́ sá fún èlùbọ́ ni mo balẹ̀ sí.

Bàbá Rore ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní mo ń fi ìkúnlẹ̀ ṣeré. Wọ́n ní kò tíì sí ọmọ tó kí àwọn lórí ìrìn rí nínú ẹbí yìí, pé bàtà tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀ kì í ṣe bàtà. Wọ́n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n ní tí àwọn bá padà sí Rore lọ́jọ́ Mọ́ńdè, alágbẹ̀dẹ á fi irin rẹ̀ rọ ọkọ́.

Bàbá mi ńkọ́? Tíṣà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń sá fún! Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní kí wọ́n má bínú, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kò sí bàtà mìíràn, kò sì síbi tí a ti lè rí òmíràn rà.

Màmá ló ní kí n yé sunkún, kí n lọ bá Ìyá àgbà. Ta ló tún lè dá Bàbá Rore dúró bí kò ṣe ẹni tó bí wọn?

Ìyá àgbà gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n ní ṣé èèyàn lè kúnlẹ̀ nínú bàtà náà àbí kò lè kúnlẹ̀. Mo ní ó lè kúnlẹ̀, tó bá kọ́kọ́ dúró. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Rore pé kí wọ́n gbé bàtà wá sí gbọ̀ngàn lọ́sàn-án Sátidé. Bí mo bá kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, bàtà di tèmi. Bí n kò bá lè ṣe é, alágbẹ̀dẹ ló ni ín. Bàbá Rore gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní orúnkún méjèèjì ni àwọn fẹ́ rí, n kò sì gbọdọ̀ di nǹkankan mú.

Ẹ̀rù bà mí. Ní ìlú òyìnbó, orúnkún kan ni wọ́n fi ń parí ijó, ẹyọ kan péré! Mi ò fi méjì ṣe é rí. Bàtà ò sì sí lọ́wọ́ mi tí mo lè fi dánra wò. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo ń fi yọ̀ ní fàráńdà wa tí Màmá fi pólíìṣì pupa nù, Màmá dúró bí ẹni pé àwọn ni Ìyá àgbà. Orúnkún mi bó yánnayànna.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ìyá àgbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Bàbá Rore jókòó sí ìkángun kejì, wọ́n ká apá gbọnra. Bàbá àti Màmá dúró lẹ́yìn. Mo wọ bàtà. Màmá ló bá mi so okùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ti ara mi báyìí, tí kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀rù náà lọ. Mo gbàgbé alágbẹ̀dẹ. Mo fi ẹ̀yìn yọ̀ yí gbọ̀ngàn po, mo fi ẹsẹ̀ kan lọ, mo yí títí orùlé fi ń bá mi yí. Inú mi dùn, mo ń rẹ́rìn-ín sókè. Mo wá darí sọ́dọ̀ Ìyá àgbà, mo fi ẹsẹ̀ dábùú, mo dúró gbágbá. Mo tẹ orúnkún ọ̀tún, mo tẹ tòsì, mo fọwọ́ lélẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, Àjíkẹ́ báyìí, Àjíkẹ́ tọ̀hún. Màmá ti ń fi ìborùn nu ojú.

Bàbá Rore wúkọ́. Wọ́n ní, "Ìyá mi lo kí yẹn. Èmi ńkọ́?"

Mo tọrọ gáfárà, mo fi orúnkún wọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní rárá o, kí n dìde. Wọ́n ní ìkíni tiwọn ò gbọdọ̀ kéré sí ti ìyá wọn, kí n padà síbi tí mo ti gbéra, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá tú apá wọn, wọ́n sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin ará mi. Ohun tí àgbà kò tíì rí dáadáa ló sábà máa ń bá jà, ẹ má tíì bínú sí i. Eré tó ń múnú yín dùn, ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé yín jókòó wò ó. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo ṣì ń wọ síkéètì tí orúnkún bá gbà fún mi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Eré wo ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín nígbà èwe? Ta ló bá yín bẹ̀bẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà, ọmọ-ọmọ mi tó ń fi mí rẹ́rìn-ín náà á sì kà á.