Àwọn Tí Kò Mọ Orin Rọ́ọ̀kì Gbọ́

Òórùn tùràrí àti lọ́fíńdà ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu géètì, kí afẹ́fẹ́ òkun Jẹ́dà tó gbóná janjan tó dé. Mo yọ ṣùtì ètè. Ta ló ń fín lọ́fíńdà lọ síbi orin rọ́ọ̀kì? Nígbà tí àwa wà lọ́mọ ogún ọdún n'Ìbàdàn, òógùn la fi ń mọ̀ pé eré dùn. Ẹni tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gbẹ jáde níbẹ̀, wọ́n á bi í pé ṣé aláìsàn ló wá kí ni.

Ọmọbìnrin mi ni mo mú dání. Àdúgbò Hindawíyà ní Jẹ́dà níbí la bí i sí, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sì ń lọ sí yunifásítì nílé. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò mọ ohun tó ń dùn mọ́ Dádì nínú, àfi bíi pé wọn ò ṣe ọmọdé rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn olórin tí mo fẹ́ràn láti kékeré ń bọ̀ wá ṣeré, mo ní kó wá wo ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kó tó lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo rí ìran wò! Iwájú wa ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú wà, gbogbo wọn na fóònù sókè, inú fóònù ni wọ́n sì ti ń wo olórin tó dúró níwájú wọn gbangba. Lápá ọ̀tún ni àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbí. Wọ́n fi òwú dí etí, wọ́n ká apá mọ́yà, wọ́n ń mi orí bí alángbá. Orin tó jẹ́ pé ìlú wọn ló ti wá! Àwọn ará Íjíbítì tó wà lẹ́yìn ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n ti máa jẹun. Àwọn ará Filipínì nìkan ló ń kọrin, létòlétò, bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí. Mo pòṣé títí ẹnu mi fi gbẹ.

Ó wá kan ọmọ tèmi. Kò pariwo, kò fò, ó kàn dúró.

Mo ní, "Ṣé o ò gbádùn ẹ̀ ni?"

"Hílù, Dádì, hílù." Lárúbáwá ló fi dáhùn bí ìṣe rẹ̀, pé ó dùn. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọmọ yìí ò ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé orin tí mo ti ń dúró dè. Mo lanu láti pariwo bí mo ṣe máa ń pa á n'Ìbàdàn. Ohùn ò jáde. Ètè mi ń lọ, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ń lu itan mi jẹ́jẹ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ètè ọmọ mi náà ń lọ láìsí ohùn, ọwọ́ rẹ̀ ń lu itan tirẹ̀, omi ayọ̀ sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní pálọ̀ wa, níbi tí àwa Kristẹni mélòó kan ti ń jọ́sìn lọ́jọ́ Jímọ̀, itan la máa ń pàtẹ́wọ́ lé, kí aládùúgbò má baà gbọ́, torí òfin ìlú ò gbà á. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin mi ti ń rákòrò ni mo ti máa ń fi ìka kan ètè fún un: "Rọra, ọmọ mi." Ó ti lé lógún ọdún tí èmi fúnra mi ti ń rọra, mi ò mọ̀ pé ó ti wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí mo pẹ̀gàn lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí ẹ̀gàn tọ́ sí tó èmi. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi pé kí ayọ̀ rẹ̀ má ní ohùn, èmi náà ni mo tún ń bínú pé kò pariwo.