Igbá Òfìfo Ìyá Mi

Mo rántí ọjọ́ tí mo dé ọjà Lanlate pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kadà ni mo gùn wá láti Ẹ̀rúwà, bí ìṣe mi nígbà náà. Bí ọlọ́kadà bá lè wọ yàrá, n kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Aláta tó kọjú sí ìsọ̀ ẹ̀gúsí mi ló rí i.

“Ìyá Ẹlẹ́gúsí, ṣé bàtà kejì ń bọ̀ lẹ́yìn ni?”

Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo ará ìsọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ rárá pé ilẹ̀ lásán ni mo ń tẹ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára mi tipẹ́, mo sì ń fi mínírà tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì faṣọ dì mí lójú, ó ní kí n wí bí òwú bá kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.” Ó ní òun ti ṣe é tán.

“Ṣúgà ń ba iṣan ẹsẹ̀ yín jẹ́, Mọ́mì. Egbò lè dá síbẹ̀ tí ẹ ò ní mọ̀, títí wọ́n á fi gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ sì máa rìn. Ìrìn á dín ṣúgà kù, á gbé ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ iṣan. Ẹ wọ bàtà tó bo ìka, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́.”

Rìn kẹ̀? Ta ní ń rìn lásán nílùú wa? Ọjọ́ kìíní, ọlọ́kadà mẹ́ta fẹ́ gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá ìjọ kan rò pé ọjà mi ti kú, ó ṣèlérí àdúrà. Èmi! Lọ́jọ́ kejì mo gbé igbá àtijọ́ ìyá mi karí lófìfo, mo faṣọ bò ó, kí wọ́n lè rò pé ọjà ni mo ń kiri. Bàbá àgbẹ̀ kan pè mí.

“Kí lẹ̀ ń tà?”

“Afẹ́fẹ́ ni, bàbá.”

“Eélòó ni kóńgò kan?”

Bí mo ṣe ń rìn dé ìkóríta láràárọ̀ nìyẹn, kí n tó wọ ọkọ̀. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkúta wọ bàtà mi, ó gún mi, ó sì dùn mí! Mo jókòó sẹ́bàá títì, mo sunkún ayọ̀ bí wèrè.

Ọmọ ìka kékeré kò tíì jí. Nọ́ọ̀sì ní ó lè má jí mọ́. Mo ṣì ń rìn. Ìyá mi ló máa ń wí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ́mọdé, tí a bá ru ẹ̀gẹ́ láti Ìdèrè lọ sí Igbó-Ọrà, mo máa ń ké pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Á ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Nígbà náà, mo rò pé ìkà ni.