Òkè Tí Mo Pa Rẹ́ Lórí Máàpù Ìsàlẹ̀ Òkun

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo dé orí ọkọ̀ ojú omi ni mo pa òkè kan rẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti pa á rẹ́ o, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí àṣìṣe yẹn da iṣẹ́ gbogbo wa rú.

Ìlú Akínyẹlé ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Yàrá tí mo gbà sí Ajíbọ́dẹ ni mo ti ń lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun, ìyá mi ní, “Ràṣídá, ìwọ tí o ò mọ odò wẹ̀?”

Mo ní, “Màámi, a ò ní wọnú omi. Inú ọkọ̀ la máa wà.”

Wọ́n ní, “Ṣé ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

Ní ìsàlẹ̀ òkun tó jìn gan-an, àwọn òkúta dúdú kan wà nílẹ̀ bí ọ̀dùnkún tí wọ́n hú tí wọn ò tíì kó. Irin tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì wà nínú wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣà wọ́n kò lè gun òkè, nítorí náà, ilẹ̀ tó tẹ́jú la ń wá. Ojú ò tó ibẹ̀, ohùn la máa ń rán lọ. Bó bá tètè padà, òkè ló wà níbẹ̀. Bó bá pẹ́, kòtò ni. Nígbà mìíràn, agbo ẹja á dá ohùn náà padà lójú ọ̀nà. Èké la máa ń pe irú ìyẹn. Iṣẹ́ mi ni láti pa èké rẹ́ kúrò lórí máàpù.

Ọ̀gá Adéoyè ló kọ́ mi. Ọmọ àdúgbò Adégbàyí ni wọ́n, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé, “Má kánjú pa á rẹ́. Wò ó lẹ́ẹ̀mejì.”

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo kánjú. Mo rí àwọn àmì kan tó dìde láàárín ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo pè é ní èké, mo pa á rẹ́. Máàpù náà wá jọ̀lọ̀ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Inú àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa dùn, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti máa kọ́kọ́ ṣa òkúta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a tún gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àmì náà tún yọ, níbì kan náà. Ẹja kì í dúró síbì kan dè wá di ọjọ́ kejì. Òkè gidi ni. Bí mo bá tún pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo dìde, mo lọ bá ọ̀gá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, òkè ni mo pa rẹ́ lánàá.”

Wọ́n wo máàpù náà títí. “Ta ló tún mọ̀?”

“Èmi nìkan, sà.”

“Ó dáa. Jẹ́ ká lọ sọ fún àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa kí wọ́n tó bi wá.”

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn nínú ọkọ̀, ọ̀gá ní, “Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa.” Wọn ò dárúkọ mi. Èmi ni mo sọ pé ọwọ́ mi ló ti wá. Olórí àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa bínú gan-an. Síbẹ̀, wọ́n sọ kámẹ́rà sísàlẹ̀. A rí òkúta gàgàrà, àwọn ohun ẹlẹ́mìí funfun bí òdòdó sì bo gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n fa ilà yí ibẹ̀ ká lórí máàpù pé ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ débẹ̀, wọ́n sì mú ibòmíràn.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà Iléyá tó kọjá, mo gbé ẹran lọ fún wọn ní Adégbàyí, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò jẹ́ kí n di ẹni tó ń fi àṣìṣe pamọ́.

Wọ́n ní, “Ràṣídá, mi ò rántí àṣìṣe náà mọ́ rárá. Àwọn tó ṣàṣìṣe lọ́dọ̀ mi pọ̀. Àwọn tó wá fẹnu ara wọn sọ ọ́ ni ò pọ̀.” Wọ́n gba ẹran náà lọ́wọ́ mi. “Àwọn nǹkan funfun yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?”

“Wọ́n wà níbẹ̀, sà. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n.”

“Ògo ni fún Ọlọ́run,” ni wọ́n wí.

Èmi náà ní, “Alihamudulilai.”