Mọ́mì Àjíkẹ́, Tíṣà Tó Wá Wa Dé Òṣogbo

Ó dìgbà kan ná o, Mọ́mì Àjíkẹ́! Ó di ẹsẹ̀ Olúwa kí n tó tún gbọ́ ohùn yín. Àràbà wó, gbogbo ẹyẹ tó ń sùn lórí rẹ̀ ló ń fò káàkiri báyìí, èmi náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ yín obìnrin pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí Àbẹ̀ní, Mọ́mì ti sinmi o." Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. N kò sọkún. Mo yíjú sí pátákó, mo parí ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tíṣà kì í fi gbólóhùn sílẹ̀ ní ààbọ̀ níwájú ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n lu aago ìsinmi ni mo tó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì, tí mo sunkún débi tó wù mí.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa sin ìyá lónìí, ọmọ Ìlobù ni mí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á máa wò ó pé kí ni ọmọ Ìlobù ń wá nínú ìwé ètò ìsìnkú ìyá Ìfọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

Kọ́lẹ́jì tí Mọ́mì ti kọ́ wa kò tóbi. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà ni, ó wà lẹ́yìn ìlú Ìfọ́n, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá sín ní ọ́fíìsì, àwọn tó ń kàwé ní láíbìrì ló máa sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́sítẹ́ẹ̀lì ń fà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, a máa to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ láti ìdájí, a óò sì máa kọ orin kọ́ọ̀sì títí omi yóò fi sun. Yunifásítì ni mo ti ń lá lálàá kí n tó débẹ̀. Nígbà tí àyè kò yọ, bàbá mi ní kí n gba ibi tó sún mọ́lé. Báyìí ni mo ṣe di ọmọ kọ́lẹ́jì kékeré, tí mò ń gun ọ̀kadà láti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ Ajé, tí mo sì ń padà lọ́jọ́ Ẹtì.

Mọ́mì, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wọ kíláàsì wa, ẹ kò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Orúkọ lẹ ń béèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń béèrè oríkì mọ́ ọn. Nígbà tó kàn mí, mo ní Fọlákẹ́ ni orúkọ mi.

Ẹ ní, "Oríkì rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Àbẹ̀ní, Mà."

"Àbẹ̀ní ọmọ ibo?"

Ohùn mi lọ sílẹ̀. Mo ní, "Ìlobù, Mà."

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì láti ayé àwọn bàbá wa. Ẹ wò mí, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ní, "Àbẹ̀ní ọmọ Ìlobù, káàbọ̀ sílé. Ìyá tó bí ìyá mi, Ìlobù ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá síbí. Bí wọ́n bá lé ọ lónìí, a jẹ́ pé wọ́n lé ìdajì mi." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, ara tù mí nínú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bí ẹni wà lágbàlá ìyá rẹ̀.

Ta ni yóò gbàgbé ìṣe yín? Ìyá tó ń gun ọ̀kadà pẹ̀lú agbòòrùn aláwọ̀ ewé, tí ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ sáré bí ó bá gbé e. Ìyá tí kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láìbéèrè pé, "Ta ni kò tíì jẹun?" Ẹni tó bá nawọ́ sókè, ìpékeré tàbí ẹ̀pà yóò jáde fún un láti inú báàgì yín, ẹ̀kọ́ á sì dúró títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ṣingọ́ọ̀mù ní kíláàsì yín yóò rí ìjà ẹni jẹ́jẹ́. Ẹ ní èèyàn kò lè máa jẹ nǹkan tí kò ní í gbé mì, kí ó tún ní òun ń kọ́ ọgbọ́n.

Kí ẹ tó gbà wá láàyè láti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín la ó kọ́kọ́ kọ́. Ẹ á jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọdé ń lò, orúnkún yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ẹ á máa ṣe bí ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò wọ̀ létí. "Àǹtí, kò yé mi o." A ó tún un sọ. "Àǹtí, kò tíì yé mi." Ọmọ Ìfọ́n kan wà nínú wa tó ń jẹ́ Táyọ̀, ọ̀rọ̀ máa ń tètè sú u. Lọ́jọ́ kan ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ó yé yín jàre!" Ẹ rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà lójú yín. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Táyọ̀, ọmọ tí kò yé kò ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ ni o kò tíì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di ọdún tí a ó jáde, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi ru sókè. N kò ní sọ ta ló jẹ̀bi. Ẹkún wà nílé wa, ẹkún sì wà nílé yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ ìró ìbọn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ kó gbogbo àwa ọmọ Ìlobù wọ inú ọ́fíìsì yín, ẹ ní kí a jókòó sílẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ẹ sì gbé àga sí ẹnu ọ̀nà níta, ẹ jókòó sórí rẹ̀. Láti inú ilé, a ń gbọ́ tí ẹ̀ ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin ìyìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí ẹni tó wá dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá, ẹ̀yin ni ì bá kọ́kọ́ bá. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dé láti kó wa lọ sí Òṣogbo, ẹ di ọwọ́ kálukú mú bí ó ṣe ń wọlé sínú ọkọ̀, ẹ sì pè é lóríkì.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Òṣogbo ni ìyá mi fi mí sí. Ilé bàbá bàbá mi ti jóná. Ìyá mi ní, "Fọlákẹ́, ìwé kò ju ẹ̀mí lọ. O kò ní tẹ ilẹ̀ Ìfọ́n mọ́ lójú ayé mi. Kọ́ iṣẹ́ aránṣọ." N kò jiyàn. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ, mo ń kọ́ bí a ṣe ń gbá etí aṣọ, mo sì ti gbà nínú ọkàn mi pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti tán.

Lọ́sàn-án kan ni mo gbójú sókè tí mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, agbòòrùn lábẹ́ apá, eruku pupa láti ẹsẹ̀ dé orúnkún. Kí n tó kúnlẹ̀ tán lẹ ti sọ̀rọ̀. "Àbẹ̀ní, ṣé ẹ̀wù tèmi lò ń rán ni?"

Mo ní, "Mọ́mì, ta ló júwe ibí fún yín?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń béèrè ọmọ mi. Ṣé èèyàn ń sọnù ní ilé Ọlọ́run ni?"

Ọ̀nà tààrà ti dí nígbà náà. Ọ̀nà abúlé tó yí ká lẹ gbà, ọkọ̀ díẹ̀, ọ̀kadà díẹ̀, ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ wá sọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ ti bẹ àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́jì, wọ́n sì ti gbà kí àwa tí a sá lọ ṣe ìdánwò àṣekágbá ní Òṣogbo. Ẹ ti bẹ pásítọ̀ kan kí ó yọ̀ǹda gbọ̀ngán tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ohun tó kù ni kí a padà wá kàwé.

Àǹtí mi ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ará Ìfọ́n, irú àsìkò yìí, ẹ̀rù ò bà yín láti máa wá ọmọ Ìlobù kiri?"

Ẹ ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kíláàsì tó ṣófo ń bà mí lẹ́rù jù ú lọ."

Àǹtí mi fúnra wọn ló pa ẹ̀rọ ìránṣọ náà dé. Wọ́n tún bá mi bẹ ìyá mi.

Bí kíláàsì wa ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú gbọ̀ngán tí wọ́n ya ọkọ̀ Nóà àti erin méjì sára ògiri rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn yẹn lẹ ń gbà wá, òjò ń pa yín, oòrùn ń pa yín. Lọ́jọ́ kan ẹ mú Táyọ̀ dání. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun kí wa. Àwa náà ò mọ̀ bóyá kí a dá a lóhùn. Ẹ kò wàásù kankan. Ohun tí ẹ sọ ni pé, "Táyọ̀, Àbẹ̀ní kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ọmọdé. Wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Táyọ̀ jókòó tì mí, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń bá ara wa jiyàn, a sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí a parí ìdánwò ni Táyọ̀ sọ ohun tí a kò mọ̀ fún mi. Nínú ìjà náà, ilé àbúrò yín ọkùnrin jóná àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun, ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn, pálọ̀ yín ni wọ́n ń sùn. Láàárọ̀, ẹ máa ń se oúnjẹ fún ẹbí tí iná lé kúrò nílé. Bí ó bá di ọ̀sán, ẹ máa ń dágbére fún wọn, ẹ̀ ń lọ kọ́ ọmọ ìlú kejì. Inú bí àbúrò yín nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá a lẹ́bi.

Mo sáré bá yín níbi tí ẹ ti ń dúró de ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Ẹ fà mí dìde. Ẹ ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní lè wo ojú mi. Ẹni tí kò lè wo ojú tíṣà, kí ló fẹ́ kọ́? Ìdánwò lẹ wá ṣe, Àbẹ̀ní, ẹ kò wá ṣẹjọ́."

Gbogbo wa la yege. Mo ríṣẹ́ tíṣà, nígbà tó yá mo sì lọ gba dìgírì ní yunifásítì tí mo ti lá lálàá rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó dára ni, gbọ̀ngán rẹ̀ ga, ìwé ibẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n mo lè má lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Kọ́lẹ́jì kékeré yẹn nìkan ni àga mi ti ṣófo tí ẹnì kan fi dìde láti wá mi lọ. Mo dúpẹ́ pé ibẹ̀ ni mo lọ. Mo dúpẹ́ pé àyè kò yọ níbòmíràn.

Nígbà tí ìlú rọ̀, tí mo bí àkọ́bí mi, ẹ wá sí ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ní Ìlobù. Ẹ̀yin ni ará Ìfọ́n àkọ́kọ́ tó wọ agboolé wa lẹ́yìn ìjà. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú yín láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní ọmọ yìí ò ní padà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ sì sọ ọ́ di tíṣà kí ẹ tó dá a padà."

Ẹ̀yin náà kúnlẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ìyá Àbẹ̀ní. Orúnkún ń dùn mí, bí mo bá pẹ́ nílẹ̀ ẹ ó gbé mi ni o." Ẹ̀rín sọ ní agboolé. Ìyá méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n sì jọ dìde. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti jọ di ọ̀rẹ́. Ìyá mi ti jí wá síbi ìsìnkú yín lónìí, wọ́n sì ní àwọn ọmọ yín làwọn máa bá jókòó.

Ìgbà tí mo rí yín kẹ́yìn, àìsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn lọ́wọ́ yín tán, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń béèrè kíláàsì mi. Mo sọ fún yín nípa ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní mo ti kọrin fún un, mo ti pàlọ́ fún un, kò dáhùn. Ẹ pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé yín lọ. Ìgbà tó yá, ẹ ní, "Má sọ nǹkan kan. Ṣáà jókòó tì í."

Bí mo ti délé-ẹ̀kọ́ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ní òwúrọ̀ kan, ọmọ náà fà mí láṣọ, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ wá sọ fún yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ kò dúró.

Ó dáa, mo ti sọ fún yín báyìí. Ẹ má sọ nǹkan kan mọ́, ìyá wa, ọmọ Olúfọ́n adé. Ọmọ Ìfọ́n ti pé, ọmọ Ìlobù ti pé, gbogbo wa la jókòó tì yín. Ẹ rọra sùn. Ẹ sùn ire o, Àjíkẹ́.

Èmi ni Fọlákẹ́ Àbẹ̀ní, ọmọ yín láti Ìlobù.